Ọta Kan Ṣoṣo: Lórí Ọdẹ Tòsí àti Ọdẹ Òkèèrè

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìwé ni yóò gbé wa dé. Ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Òkè-Odò, ní Tanke, níhìn-ín ní Ìlọrin, ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fóònù rẹ̀ jáde, ó ń fi fídíò kan han gbogbo àwa tí a jókòó tí a ń dúró de irun gígẹ̀. Òyìnbó kan ni a rí nínú rẹ̀, tí ó dojú bolẹ̀ lórí òkè, tí ó gbé ìbọn ráífù lé ẹsẹ̀ irin, tí ó sì fi ojú sí awò tí ń fa ohun òkèèrè súnmọ́ni. Ẹran tí ó ń wò wà lórí òkè kejì, ojú lásán kò lè rí i. Ó yìnbọn. A fẹ́rẹ̀ẹ́ ka ení, èjì, kí ẹran náà tó wó lulẹ̀. Ariwo ta nínú ìsọ̀. Ọmọkùnrin náà ní, "Ó lé ní 1,000 mítà! Ọdẹ lèyí, kì í ṣe pé kéèyàn máa rá pálá kiri inú igbó."

Bàbá kan wà láàárín wa tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ọdẹ. Kò bá wa pariwo. Gbólóhùn kan péré ni ó sọ: "Ọmọ mi, ẹran yẹn kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀."

Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Nínú àwọn ẹran tí ẹ̀yin náà ti pa, èwo ni ó mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀?"

A rẹ́rìn-ín gbogbo wa. Bàbá pàápàá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ilé, ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé ìbéèrè gidi ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹran yóò kú náà ni, kí ni ó kan ẹran bóyá 20 ìgbésẹ̀ ni ọta ti wá tàbí 1,000 mítà? Èmi gbà pé ó kan ẹran, ó sì kan ọdẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sì gbà pé ó kan àwa tí a ń ka ìwé Yorùbá pẹ̀lú, bí a kò tilẹ̀ mọ bí a ti ń di ìbọn mú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa ìbọn fúnra rẹ̀. Ṣakabùlà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń rọ ẹ̀tù sí i, a ó fi ọ̀pá kì í, a ó da ọta lé e, a ó tún un kì. Inú ihò rẹ̀ ń dán ni, kò ní àwọn ìlà tí a gbẹ́ yí po inú ráífù, èyí tí ń mú kí ọta máa pòyì bí ó ti ń lọ, kí ó lè tọ́. Bí ọdẹ bá wà ní ìwọ̀n 20 ìgbésẹ̀ sí ẹran, ọta yóò lọ síbi tí ó rán an. Bí ó bá di 60, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ibi tí yóò bà. Bí ó bá sì tàsé, kí ó tó kì í tán lẹ́ẹ̀kejì, ẹran ti dé ìlú mìíràn. Nítorí náà ọdẹ oníṣakabùlà kò ní ju ẹyọ ọta kan lọ ní òótọ́, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó kúrò nílé.

Ohun tí ọta kan yìí sọ di dandan ni gbogbo ohun tí a ń pè ní ìmọ̀ ọdẹ. Ó di dandan kí ó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí òórùn ara rẹ̀ má ba ṣíwájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìgalà. Ó di dandan kí ó mọ igi tí ń so èso lóṣù yìí, kí ó lè gun ègùn sí ìtòsí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, kí ó sì jókòó sórí rẹ̀ láìwúkọ́, láìpa ẹ̀fọn tí ń jẹ ẹ́ lọ́rùn. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ewé tí ẹran ṣẹ̀ṣẹ̀ já àti èyí tí ó já lánàá. Ó gbọ́dọ̀ dúró títí ẹran yóò fi fi ẹ̀gbẹ́ hàn án, nítorí ẹ̀yìn apá iwájú ni ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà, ibẹ̀ ni ikú ti ń yá. Bí ọta bá wọ ikùn, ẹran náà kì yóò kú lójú ẹsẹ̀. Yóò sá lọ, yóò máa jẹ̀rora títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, bóyá títí di ọ̀túnla. Ọdẹ tí ó mọṣẹ́ a máa ka ẹ̀jẹ̀ tí ó kán sórí ewé bí àwa ti ń ka ìwé: èyí tí ó pọ́n fòò tí ó sì ń hó, ti ẹ̀dọ̀fóró ni, ẹran kò lọ jìnnà, èyí tí ó dúdú tí oúnjẹ àjẹtì wà nínú rẹ̀, ti ikùn ni, kí ọdẹ jókòó kí ó ní sùúrù, nítorí bí ó bá lé e nísinsìnyí, ẹran yóò tún dìde.

Ọmọkùnrin náà lè sọ pé kì í ṣe ìwà rere ni ó mú àwọn bàbá wa súnmọ́ ẹran, bí kò ṣe àìlágbára ìbọn wọn. Òótọ́ ni, n kò jiyàn. Bí a bá fún àwọn bàbá náà ní ráífù pẹ̀lú awò rẹ̀ ní ọdún 1900, èmi kò rò pé púpọ̀ nínú wọn ì bá kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwà tí àìní kọ́ ènìyàn, ìwà náà ni, ìwúlò rẹ̀ kò sì dín kù nítorí bí a ti rí i gbà. Ohun tí ó yí padà lónìí ni pé ìbọn kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni súnmọ́ mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ súnmọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò yàn án. Ibi tí ìṣòro wà nìyẹn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo ìjálá. Adébóyè Babalọlá, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá tí ó jáde ní ọdún 1966, kó oríkì oríṣiríṣi ẹran àti ẹyẹ jọ láti ẹnu àwọn ọdẹ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbọ́ ìjálá rí mọ̀ pé ọdẹ kì í kan pe erin ní ẹran ńlá, kí ó sì dákẹ́. Ó ń sọ bí awọ ara rẹ̀ ti rí, bí ó ti ń gbé ẹsẹ̀, irú ohùn tí ọmọ ọ̀bọ fi ń pe ìyá rẹ̀, bí ẹfọ̀n ti ń wo ènìyàn kí ó tó kàn án. Ta ni ó lè mọ irú nǹkan wọ̀nyí? Ẹni tí ó wà níbi tí èémí ẹran ti lè dé etí rẹ̀ ni. Mo ti wá gbà pé lítíréṣọ̀ àwọn tí wọ́n súnmọ́ ni ìjálá. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ lórí òkè kejì lè mọ iye mítà àti agbára afẹ́fẹ́, ó lè fi ìṣirò mọ bí ọta yóò ti rọ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ìmọ̀ gidi sì ni, n kò kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò rí oríkì tí ó lè ti inú rẹ̀ jáde. A kì í ki ẹni tí a kò rí ojú rẹ̀.

Ìtàn kan tún wà tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu ju gbogbo èyí tí mo mọ̀ lọ, òkè òkun ni ó sì ti padà wá sọ́dọ̀ wa. Pierre Verger, ará Faransé tí ó di babaláwo tí a sọ ní Fátúmbí, tí ó sì kú ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil ní ọdún 1996, kọ ọ́ sínú ìwé tí ó ṣe lórí ìtàn àwọn òrìṣà. Ọba Ifẹ̀ ń ṣe ọdún iṣu tuntun, àwọn àjẹ́ sì rán ẹyẹ ńlá kan wá bà lé òrùlé ààfin. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọdẹ ológún ọfà, wọ́n pe ológójì, wọ́n pe aláàádọ́ta. Gbogbo wọn ta ọfà wọn tán, wọn kò rí nǹkankan ṣe. Ẹni ìkẹyìn ni Ọ̀ṣọ́tọ̀kanṣoṣo, tí kò ní ju ọfà kan lọ. Ìyá rẹ̀ sáré lọ bi Ifá, ó rúbọ, ọfà kan náà sì wọ àyà ẹyẹ. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni a ń pè é lónìí, àwọn ará Kétu tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia ni wọ́n sì gbé e ga jù lọ níbẹ̀.

Àwọn kan a máa ka ìtàn yìí bí ìtàn ẹbọ. Èmi kà á bí ìtàn ọwọ́. Ológún ọfà mọ̀ pé bí òun bá tàsé, mọ́kàndínlógún ṣì kù. Ìmọ̀ yẹn ni ó ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ wo ẹni tí ó gbé ìbọn pọ́ǹpù lónìí tí ó kó kátíríìjì márùn-ún sí i nínú: ìgbẹ́ mì, ó yìn, ó tún yìn. Kátíríìjì náà ń fọ́n ọta ká ni. Bí ó bá ti ju ìwọ̀n 40 mítà lọ, ọta kan yóò wọ itan, ọ̀kan yóò wọ ikùn, ìyókù yóò wọ igi. Ẹran náà sá lọ. Ẹni tí ó yìnbọn ní òun kò rí i bà. Ó rí i bà. Kò kàn ní rí òkú rẹ̀ ni.

Mo ní láti dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ó rọrùn láti máa yin ayé àtijọ́ títí irọ́ yóò fi wọ inú rẹ̀. Bàbá Ọdẹ náà kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí àwọn àgbà ṣe nínú igbó ni ó mọ́. Àwọn ni wọ́n gbẹ́ ọ̀fìn sójú ọ̀nà ẹran. Àwọn ni wọ́n dẹ tàkúté tí wọ́n gbàgbé, tí ẹsẹ̀ ẹtu há sí fún ọjọ́ mẹ́ta. Tàkúté kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo olóyún, kò mọ ẹran yàtọ̀ sí ajá aládùúgbò. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa níhìn-ín, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, a máa ń ti iná bọ igbó, kí àwọn ọlọ́dẹ lè dúró lápá kejì kí wọ́n máa pa ohun tí ó bá sá jáde. Ìjàpá tí kò lè sá àti ọmọ ẹyẹ tí kò tíì lè fò ń jó sínú rẹ̀. Èyí jẹ́ iṣẹ́ tòsí, ṣé ìwà rere ni? Bí a bá sì fi òótọ́ inú sọ ọ́, ọta ráífù kan tí ó wọ ọkàn ẹran láti 200 mítà láti ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yìn sàn fún ẹran náà ju irin wẹ́wẹ́ ṣakabùlà tí ó wọ ọ́ nítan lọ. Jíjìnnà nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn yìnbọn láti ibi tí kò ti dá a lójú, àti kí ó yìn láti ibi tí kò ní lè lọ wo ohun tí ó ṣe.

Àwọn òyìnbó náà ń bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tí Theodore Roosevelt dá sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1887 ti ń wàásù láti ìgbà pípẹ́ pé ẹran gbọ́dọ̀ ní àǹfààní láti gbọ́, láti gbóòórùn, láti sá. Ẹgbẹ́ yìí kan náà sì ti sọ̀rọ̀ lòdì sí àwọn tí wọ́n ń fi ẹran alààyè dán bí ìbọn wọn ti lè jìnnà tó wò. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbólóhùn Bàbá Ọdẹ ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Ní orílẹ̀-èdè Norway, ẹni tí ó bá fẹ́ pa ẹran ńlá gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò ìbọn lọ́dọọdún: ọta 5 sí àwòrán ẹran ní 100 mítà, márààrún ni ó sì gbọ́dọ̀ wọ inú òbìrí tí a fà sí ibi ikú. Ọdún tí kò bá yege, ilé ni yóò jókòó sí.

Ní tiwa ńkọ́? Òfin ìbọn tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1959, tí a ṣì ń lò, sọ pé kí a má fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17 ní ìwé àṣẹ, kí a má fún wèrè, kí a má fún ọ̀mùtí, kí a má fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Ó dára. Òfin béèrè nípa ojú, kò béèrè nípa ọwọ́. Ìdí tí kò fi dá wa lágara tẹ́lẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ ọdẹ ń béèrè. Ọmọ ọdẹ a máa gbé àpò tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ìbọn; a máa tọ ipa ẹ̀jẹ̀ ẹran tí kì í ṣe òun ni ó yìn ín. Nísinsìnyí, ẹni tí ó bá ti ní owó ìbọn àti tọ́ọ̀ṣì orí, ó di ọdẹ lóru ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì yìí ni ó ń dẹ́rù bà mí jù. Láti ìgbà tí ọdẹ ti ń fi kábáàdì tan àtùpà síwájú orí ni ó ti mọ̀ pé ojú ẹran a máa tàn padà bí iná bá kàn án, yóò sì dúró sójú kan bí ẹni tí a dè mọ́lẹ̀. Ọdẹ àgbà kì í yìn lójú ẹsẹ̀. Ó ń wo bí ojú méjèèjì ti jìnnà síra wọn tó, bí wọ́n ti ga sókè tó, bí wọ́n ti ń ṣẹ́jú. Ó ń dúró títí yóò fi rí ara tí ó gbé ojú náà. Àtùpà kábáàdì kò tàn jìnnà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ rìn wọ inú rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì òde òní ń tàn dé ibi tí ẹsẹ̀ kò tíì dé. Ojú ènìyàn kì í sì í tàn bí ti ẹran. Igbó tí ń mì nìkan ni ẹni tí ó ń kánjú yóò rí. Ìròyìn ọdẹ tí ó yìnbọn pa ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó ní ẹran ni òun rí, kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ń ka ìwé ìròyìn ní orílẹ̀-èdè yìí.

Fágúnwà mọ ẹ̀rù yìí. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938, bàbá Àkàràògùn yìnbọn lu ẹran kan, ó tọ ipa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ, ipa ẹ̀jẹ̀ náà sì mú un dé ilé ara rẹ̀, níbi tí ìyàwó rẹ̀ gbé kú sí. Àjẹ́ ni ìyàwó náà, ìtàn náà sì ní ìdí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi í wé ìtàn kejì tí gbogbo wa gbọ́ lábẹ́ òṣùpá, ti ọdẹ tí ó wà lórí ègùn tí ó rí ẹran tí ó bọ́ awọ rẹ̀, tí ó di arẹwà obìnrin, tí ó sì gba ọjà lọ. Ọdẹ yẹn náà ní ìbọn lọ́wọ́. Ó wò ó ni. Nítorí pé ó wò ó kí ó tó yìn, ó rí ìyàwó. Ẹni àkọ́kọ́ yìn, ó sì pàdánù tirẹ̀.

Ó ti wá di ọ̀rọ̀ ìlú báyìí. Láti ọdún 2020 tí àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ti di ẹ̀ṣọ́. Ní Kwara tiwa, àwọn ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ igbó ni ń dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn ìletò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, àwọn agbébọn pa àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní Òkè-Òde, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, níbi tí wọ́n gbé ń ṣọ́ ìlú wọn. Kò sí ẹni tí ó lè fojú kékeré wo irú akin bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tí a fi ìbọn lé lọ́wọ́ lóru láti ṣọ́ ọ̀nà oko, ọwọ́ tí ó fi ń dẹ ìgbẹ́ náà ni yóò fi ṣọ́ ọ̀nà. Bí ó bá ti mọ́ ọn lára láti yìn sí igbó tí ń mì, àgbẹ̀ tí ó pẹ́ lóko wà nínú ewu, darandaran tí ń wá màlúù rẹ̀ wà nínú ewu, ọmọ tí ó jáde lọ yàgbẹ́ wà nínú ewu. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá fẹ́ máa kọ orúkọ ọdẹ sílẹ̀, kí wọ́n fi ìdánwò ọwọ́ àti ojú kún un, kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọdẹ ṣe é fúnra wọn, kí ẹni tí kò bá yege máa gbé àpò ná. Kò ní ná wa ní owó tí ó pọ̀. Ìtìjú ni yóò ná àwọn kan.

Tanke tí mo ń gbé yìí, láti Típà Gáréèjì títí dé Tanke Bubu, ilé ni gbogbo rẹ̀ báyìí. Àwọn àgbà ní ibi ìsọ̀ onígbàjámọ̀ yẹn, igbó ọ̀yà ni kí Yunifásítì tó kó wá sí ọ̀nà ibí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, inú ọgbà ẹranko Yunifásítì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ẹran igbó, lẹ́yìn irin. N kò lè sọ pé kí wọ́n lọ di ọdẹ.

Nígbà tí mo padà lọ gẹrun lóṣù tó tẹ̀lé e, mo tún bá àwọn méjèèjì níbẹ̀. Fóònù ti wà nínú àpò. Àdàbà kan ń ṣa ọkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ní ìwájú ìsọ̀. Bàbá ní kí ọmọkùnrin náà rìn lọ bá a, kí ó máa ka ìgbésẹ̀, kí ó sì sọ fún òun ìgbà tí ó bá rí àwọ̀ ojú rẹ̀. Ó rìn. Ó ku ìgbésẹ̀ mọ́kànlá nígbà tí àdàbà fò. Ó yíjú padà, ó ní òun kò tíì rí ojú náà dáadáa. Bàbá ní kí ó bọ́ bàtà rẹ̀, kí ó jókòó, kí ó dúró de òmíràn.